Ṣé dandan ni kí akẹ́kọ̀ọ́ òfin gba Èkó lọ kó tó di lọ́yà gidi?

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wà ní ọdún kẹta nínú ìmọ̀ òfin ní yunifásítì kan nílùú Ọ̀yọ́, ọmọ bíbí Ògbómọ̀ṣọ́, ló kọ̀wé sí mi báyìí: “Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń ka ìròyìn kóòtù, mo sì máa ń kọ èrò mi sórí Facebook àti WhatsApp, àwọn èèyàn sì ń kà á. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ mi tó lọ kọ́ṣẹ́ ní Èkó nígbà ọlidé ní bí n kò bá tíì jókòó sí ọ́fíìsì ńlá kan ní Victoria Island, àkókò ni mo kàn ń fi ṣòfò, pé kò sí ẹjọ́ gidi kankan ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ju ẹjọ́ ilẹ̀ àti ìkọ̀sílẹ̀ lọ. Bàbá mi kò ní owó ilé Èkó. Ohun mìíràn ni pé àwọn ará àdúgbò wa ti ń pè mí ní lọ́yà. Ẹnìkan tilẹ̀ ní kí n bá òun kọ ìwé àdéhùn ilẹ̀ tí òun fẹ́ rà, òun á fún mi ní nǹkan. Báwo ni kí n ṣe múra sílẹ̀ láti ìsinsìnyí títí n ó fi parí?”

Àbúrò mi, o kú làálàá ẹ̀kọ́. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo rí nínú lẹ́tà rẹ: ti Èkó, ti ìròyìn tí ò ń sọ èrò rẹ lé lórí, àti ti ìwé ilẹ̀. Èyí tó o fi sí ìkẹyìn ló bà mí lẹ́rù jù, òun ni n ó sì kọ́kọ́ dáhùn. Má kọ ìwé ilẹ̀ náà. Òfin tó de iṣẹ́ wa ní Nàìjíríà, Legal Practitioners Act, sọ ọ́ ní abala 22 pé ẹni tí kì í ṣe lọ́yà kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní lọ́yà, kò sì gbọdọ̀ tìtorí owó, tàbí ìrètí owó, kọ ìwé tó jẹ mọ́ ilẹ̀ tàbí ilé fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n lè torí rẹ̀ gbé èèyàn lọ sí kóòtù ni. “Òun á fún mi ní nǹkan” tó o kọ yẹn gan-an ni òfin ń bá wí. Rántí pẹ̀lú pé lọ́jọ́ tó o bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò, Body of Benchers, ìgbìmọ̀ tó ń pe èèyàn wọ iṣẹ́ lọ́yà, yóò wo ìwà rẹ kí wọ́n tó pè ọ́. Má jẹ́ kí ẹgbẹ̀rún náírà mélòó kan láti àdúgbò di ìbéèrè tí wọ́n ó bi ọ́ lọ́jọ́ náà.

Yàtọ̀ sí ti ìjìyà, ro ti ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ náà. Ilẹ̀ ẹbí ló pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Láti ọdún 1959 tí wọ́n ti dá ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ló ti fìdí múlẹ̀ pé bí olórí ẹbí bá dá ta ilẹ̀ ẹbí láìjẹ́ pé àwọn àgbààgbà ẹbí fọwọ́ sí i, àwọn yẹn lè lọ sí kóòtù kí wọ́n sì tú títà náà ká. Bó bá wá jẹ́ pé àwọn ọmọ ẹbí ló tà á tí olórí ẹbí kò sí níbẹ̀, títà náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ rárá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń kọ àdéhùn gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó yẹ kó fọwọ́ síwèé láti ìdí igi kọ̀ọ̀kan nínú ẹbí náà, kó yẹ sọ́fè wò bóyá ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà ni, kó sì mọ ohun tí Òfin Lílo Ilẹ̀ ọdún 1978 sọ nípa ìyọ̀ǹda gómìnà. Ìwọ kò tíì mọ gbogbo èyí, kò sì yẹ kó o tíì mọ̀ ọ́n ní ọdún kẹta. Sọ fún aládùúgbò rẹ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kó gbé e lọ bá lọ́yà kan nílùú, kí ìwọ sì bẹ lọ́yà náà kó jẹ́ kó o jókòó tì wọ́n. Gbọ́ àwọn ìbéèrè tó máa bi oníbàárà rẹ̀. Ohun tí wàá rí kọ́ níbẹ̀ yóò ju owó tó fẹ́ fún ọ lọ.

Ó wá ku ti Èkó. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ kò purọ́ tán, n ó sì sọ ibi tí òótọ́ wọn wà tó bá yá. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣìnà pátápátá níbi tí wọ́n ti ní kò sí ẹjọ́ gidi lọ́dọ̀ wa. Lọ wá ẹjọ́ Bello àti Attorney-General Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kà, èyí tí Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ní ọdún 1986. Wọ́n ti dájọ́ ikú fún Nasiru Bello lórí ẹ̀sùn ìdigunjalè. Ó pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ẹjọ́ náà ṣì wà nílẹ̀, wọn kò tíì gbọ́ ọ, ìjọba ìpínlẹ̀ sì pa á. Àwọn ẹbí tó fi sílẹ̀ pe ìjọba lẹ́jọ́. Ibi tó ti le ni pé kò sí òfin tó fún irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ lórúkọ tó sì sọ ohun tí wọ́n máa san lórí rẹ̀. Àwọn adájọ́ ní àìní orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ kò lè dí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ lọ́wọ́ àtigba ẹ̀tọ́ rẹ̀, pé ibi tí ẹ̀tọ́ bá wà, àtúnṣe gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, wọ́n sì fún ẹbí náà ní owó gbà-máà-bínú. Títí di òní ni àwọn lọ́yà ń fa ìdájọ́ yẹn yọ ní Èkó, ní Abuja, ní Kano. Ọ̀dọ̀ wa ló ti ṣẹ̀.

Tún wo ti Ládọjà. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 2006, àwọn aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kan kéde pé àwọn ti yọ Gómìnà Rashidi Ládọjà nípò. Méjìdínlógún ni wọ́n nínú àwọn aṣòfin 32, hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìbàdàn ni wọ́n sì ti jókòó ṣe apá kan nínú ètò náà. Abala 188 nínú òfin orílẹ̀-èdè ọdún 1999 béèrè ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo aṣòfin. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 32 lé ní 21, ìyẹn ni pé èèyàn 22 ló kéré jù. Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe ìṣirò yẹn, kò gba lọ́yà. Ohun tó gba lọ́yà ni pé ẹsẹ̀ kẹwàá nínú abala kan náà sọ pé kóòtù kankan kò gbọdọ̀ yẹ ìyọnípò náà wò. Ilé-ẹjọ́ gíga ní Ìbàdàn di ẹsẹ̀ yẹn mú, wọ́n ní àwọn kò ní agbára láti gbọ́ ẹjọ́ náà. Ilé-Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn yí i padà ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá 2006, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì fọwọ́ sí ti Kòtẹ́milọ́rùn ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá. Ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ ni kó o lọ kà: ẹsẹ̀ tó lé kóòtù sẹ́yìn, ìyọnípò tó tẹ̀ lé ìlànà òfin nìkan ló ń dáàbò bò. Ìyọnípò tí kò tẹ̀ lé ìlànà kò lè sá sábẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 2007, irú ìdí bẹ́ẹ̀ náà ló wọ́ ìyọnípò Gómìnà Dariye ti Plateau nílẹ̀. Gómìnà tí ẹjọ́ náà dá padà sórí àga ni Olúbàdàn tó gorí ìtẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án 2025. Nígbà tó o bá ń wá a nínú ìwé ìdájọ́, má wá orúkọ Ládọjà. Inakoju àti Adeleke ni wọ́n ń pe ẹjọ́ náà, Adeleke ni olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin nígbà náà.

Èyí ló gbé mi dé orí ìròyìn tí ò ń sọ èrò rẹ lé lórí. Inú mi dùn pé o ń kà á. Púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ kì í kà á. Ṣùgbọ́n ìròyìn kì í ṣe ìdájọ́. Ìròyìn á sọ fún ọ ẹni tó borí, ìdájọ́ á sọ fún ọ ìdí tó fi borí, ìdí yẹn nìkan ni ohun tó o lè mú wọ inú ẹjọ́ mìíràn lọ. Mú ẹjọ́ àwọn alága kánsù wa. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2019 tí Gómìnà Ṣèyí Mákindé gorí àga, wọ́n tú àwọn alága àti kánsẹ́lọ̀ tí wọ́n dìbò yàn ní 2018 ká. Àwọn yẹn pẹjọ́, Kòtẹ́milọ́rùn kò gbè wọ́n, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún 2021 Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní gómìnà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti tú wọn ká. “Àwọn alága borí” ni gbogbo èèyàn ń pariwo ní ìgboro Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá ka ìdájọ́ náà yóò rí i pé kò sí ẹni tó padà sí ọ́fíìsì fún iṣẹ́ kankan, nítorí ọdún mẹ́ta tí wọ́n dìbò yàn wọ́n fún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ohun tí kóòtù fún wọn ni owó oṣù àti àjẹmọ́nú tó yẹ kí wọ́n gbà láti ọjọ́ tí wọ́n ti tú wọn ká, pẹ̀lú ogún mílíọ̀nù náírà owó ìnáwó ẹjọ́. Bí oníbàárà bá bi ọ́ lọ́la pé “bí a bá borí, ṣé a ó padà sípò?”, irú ìdájọ́ yìí ló yẹ kó wá sí ọ lọ́kàn kó o tó yanu.

Gbé e tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdájọ́ ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, níbi tí Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ àwọn kánsù, pé kánsù tí kò bá ní àwọn tí wọ́n dìbò yàn kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹjọ́ méjèèjì. Kì í ṣe ọ̀kan náà. Ti 2021 dá lórí ìtúká àwọn tí wọ́n dìbò yàn, ìyẹn abala 7 nínú òfin orílẹ̀-èdè. Èyí tó gba iṣẹ́ jù nínú ti 2024 dá lórí abala 162, tí ẹsẹ̀ karùn-ún rẹ̀ sọ pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni owó náà yóò gbà kọjá fún àǹfààní ìjọba ìbílẹ̀. Wá jókòó kó o bi ara rẹ: báwo ni àwọn adájọ́ ṣe rìn láti ibi tí òfin ti ní “kó gba ọwọ́ ìpínlẹ̀ kọjá” dé ibi tí wọ́n ti ní “kó máa lọ tààrà”? Ìrìn yẹn ni ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀. Tún bi ara rẹ ohun tí ìdájọ́ náà kò fọwọ́ kàn. Kò gba ìdìbò kánsù lọ́wọ́ àjọ elétò ìdìbò ìpínlẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ ọ́ sórí WhatsApp pé ìjọba ìbílẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ gómìnà pátápátá kò tíì ka nǹkan kan.

Nítorí náà, ohun tí màá fẹ́ kó o ṣe ni pé kó o má kọ ọ̀rọ̀ kankan lórí ẹjọ́ tí o kò bá tíì ka ìdájọ́ rẹ̀. Nigerian Weekly Law Reports, ìwé tí wọ́n ń tẹ àwọn ìdájọ́ sí, tí Gani Fawehinmi dá sílẹ̀ ní ọdún 1985, ó yẹ kó wà ní ilé ìkàwé òfin yunifásítì yín, ó sì wà ní ọ̀pọ̀ ṣáńbà, ìyẹn ọ́fíìsì àwọn lọ́yà, nílùú. Ka ìdájọ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lọ́sẹ̀, má wulẹ̀ ka ọ̀rọ̀ ìsọníṣókí tí wọ́n kọ síwájú. Lẹ́yìn náà, fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ sójú ewé kan: kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ẹlẹ́jọ́, kí ni ìbéèrè tí kóòtù fẹ́ dáhùn, kí ni wọ́n dá lẹ́jọ́, kí ni ìdí rẹ̀ gan-an, kí ni àwọn ọ̀rọ̀ tí adájọ́ kàn sọ lọ́nà tí kò sí lára ìdí náà. Apá ìkẹyìn yìí ló máa ń pa àwọn ọ̀dọ́ lọ́yà. Wọ́n á dúró níwájú adájọ́, wọ́n á ka gbólóhùn kan tó dùn jáde, lọ́yà kejì á sì dìde fi hàn pé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ ni. Ojú ewé kan ni mo ní, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Adájọ́ tó ní ẹjọ́ ogún nílẹ̀ lówùúrọ̀ kò ní àyè fún ẹni tí kò lè sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ṣókí.

Bákan náà ni kó o ṣe sí òfin tuntun. Wo àwọn òfin owó-orí mẹ́rin tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà 2025, tí àwọn tó dá lórí sísan owó-orí fúnra rẹ̀ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2026. Ní ọjà Akẹ̀sán, ohun tí àwọn ìyá wa ń gbọ́ ni pé báńkì yóò máa yọ owó-orí nínú gbogbo owó tó bá wọ àkáǹtì wọn. Kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ nínú òfin náà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tó yẹ kéèyàn san owó-orí lé lórí lọ́dún, kò sí owó-orí kankan lórí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lè ṣí òfin náà, kó tọ́ka sí ibi tó wà, kó sì fi Yorùbá tó já gaara ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá tó ń ta ẹ̀lùbọ́, ó ti ń ṣe iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ lọ́yà àgbà kò lè ṣe. Kíyè sí i pẹ̀lú pé ní ìparí ọdún 2025 àríyànjiyàn dìde ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lórí bóyá ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀ jáde bá èyí tí wọ́n fọwọ́ sí mu. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó o mọ ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ rẹ kó o tó fa ọ̀rọ̀ yọ nínú rẹ̀.

Mo ní ìkìlọ̀ kan tó lágbára lórí ohun tí ò ń kọ. Ẹjọ́ tó bá ṣì wà níwájú adájọ́, pàápàá ẹjọ́ oyè, yọwọ́ rẹ nínú rẹ̀. O mọ̀ bí ọ̀rọ̀ oyè ti gbóná tó ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ní Ọ̀yọ́ láti ìgbà tí Ṣọ̀ún Oyèwùmí ti wàjà ní oṣù Kejìlá 2021, tí Aláàfin Lámídì Adéyẹmí sì tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹrin 2022. Gbogbo ilé ló ní ẹni tí wọ́n ń gbè lẹ́yìn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ohun tó sì wà nínú ìwé ìròyìn, ẹjọ́ ẹnìkan ló sábà máa ń jẹ́, ìyẹn ẹni tó pe àwọn oníròyìn. O kò rí ìwé ìpẹ̀jọ́, o kò rí ìdáhùn sí i, o kò gbọ́ ẹlẹ́rìí kankan. Lọ́la, o lè wá iṣẹ́ lọ sí ṣáńbà tó ń gbẹjọ́ rò fún ìhà kejì. Orúkọ rẹ ni wọ́n á kọ́kọ́ tẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bó o bá fẹ́ kọ̀wé lórí oyè, kọ nípa òfin oyè Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àwọn afọbajẹ àti ìlànà tí wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni tó wà ní kóòtù. Èyí á wúlò, kò sì ní pa ọ́ lára. Má sì bú adájọ́ láé. O lè sọ pé ìdí tí adájọ́ fi dájọ́ kò tẹ́ ọ lọ́rùn, kó o sì sọ ibi tí kò ti tẹ́ ọ lọ́rùn. Àwọn adájọ́ fúnra wọn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ síra wọn nínú ìdájọ́.

Ní ti ìkọ́ṣẹ́, kóòtù tó wà nítòsí rẹ ni ilé ìwé rẹ. Abala 36 òfin orílẹ̀-èdè ní gbangba ni kí wọ́n máa gbọ́ ẹjọ́, nítorí náà kò sí ẹni tó ń gba owó ìwọlé lọ́wọ́ rẹ. Wọ aṣọ dúdú àti funfun, pa fóònù rẹ, tẹríba fún àga adájọ́ bó o ti ń wọlé, kó o jókòó sẹ́yìn. Lọ sí kóòtù májísíréètì lọ́jọ́ Ajé. Wàá rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú àpótí olùjẹ́jọ́ tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó jí pọ́ọ̀ǹpù omi. Wọ́n á ka ẹ̀sùn náà fún un ní Yorùbá, á ní òun kò jẹ̀bi, lọ́yà rẹ̀ á dìde béèrè béèlì. Májísíréètì á gbà, á ní kó mú onídùúró méjì wá, kí ọ̀kan nínú wọn ní ilé ní agbègbè kóòtù, kó sì fi ìwé owó-orí ọdún mẹ́ta hàn. Gbogbo èyí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Má tíì dìde. Jáde lọ sí ìta kó o wo ìyá ọmọ náà, ẹni tó ń ta àmàlà nítòsí Táàkíẹ́, bó ṣe ń pe gbogbo ẹni tó mọ̀ lórí fóònù láti wá onílé tó ní ìwé owó-orí. Bí kò bá rí i kí ọ́fíìsì kóòtù tó tì, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ọmọ rẹ̀ máa sùn, béèlì tàbí kò sí béèlì. Lọ́yà tó bá ti jókòó wo èyí rí á kọ́kọ́ bi ìyá náà lówùúrọ̀ pé ta ló lè dúró fún un, kó tó wọlé lọ bá májísíréètì sọ̀rọ̀ irú onídùúró tí àwọn ẹbí náà lè rí. N kò tíì rí ìwé tó kọ́ni ní èyí.

Lẹ́yìn náà, tọ ẹjọ́ ilẹ̀ kan lẹ́yìn ní ilé-ẹjọ́ gíga. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ fojú tín-ín-rín ẹjọ́ ilẹ̀, ìyẹn sì dùn mí. Láti ìgbà ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ní 1976 ni a ti mọ ọ̀nà márùn-ún tí èèyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀: ìtàn ìwáṣẹ̀, ìwé ilẹ̀, ìṣe onílẹ̀ lórí ilẹ̀ náà, pípẹ́ tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti níní ilẹ̀ tó bá a pààlà. Ní yàrá ìkàwé, ìlà márùn-ún ni. Ní kóòtù, bàbá arúgbó kan á dúró sínú àpótí ẹlẹ́rìí, á ní baba ńlá àwọn ló kọ́kọ́ dó síbẹ̀, ọdẹ ni. Á ka orúkọ àwọn tó jogún ilẹ̀ náà títí dé orí òun. Lọ́yà kejì á dìde, á sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, á ní kí bàbá tún un kà. Ìwé ìpẹ̀jọ́ dárúkọ èèyàn márùn-ún, bàbá dárúkọ mẹ́rin. Lójú ẹsẹ̀ ni ìtàn náà mi, bẹ́ẹ̀ bàbá kò purọ́, ó kàn ti dàgbà ni, ẹni tó kọ ìwé ìpẹ̀jọ́ kò sì jókòó tì í dáadáa kó tó kọ ọ́. Bí ìtàn ìhà méjèèjì bá wá forí gbárí, adájọ́ á lọ sórí ìlànà ẹjọ́ Kojo àti Bonsie ti 1957: á wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ náà láìpẹ́ yìí, ta ló ń dáko níbẹ̀, ta ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀rọ̀ wá ẹlẹ́rìí lẹ́nu wò nínú ẹjọ́ ilẹ̀ lè ṣe é nínú ẹjọ́ báńkì.

Ibi tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ti jẹ̀bi nìyẹn. Ibi tí wọ́n ti jàre náà wà. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá lo fẹ́, bíi títa ṣíà ní ọjà ìdókòwò, ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì, ọkọ̀ ojú omi, tàbí àdéhùn láàárín ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà àti ti òkè òkun, Èkó ni iṣẹ́ náà wà, Abuja ló tẹ̀ lé e. O kò lè kọ́ ọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Iṣẹ́ kóòtù ni èmi ń ṣe, nítorí náà, bó o bá fẹ́ mọ ohun tí irú àwọn ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ fi ń yan èèyàn, lọ bi ẹni tó wà níbẹ̀, má bi mí. Owó tí wọ́n ń san fún lọ́yà tuntun lọ́dọ̀ wa kéré, n kò ní fi ìyẹn pa mọ́ fún ọ. Ṣáńbà mìíràn sì wà nílùú tó jẹ́ pé fọ́tòkọ́pì àti oúnjẹ ọ̀sán ọ̀gá nìkan ni wọ́n máa rán ọ. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí wọn kò jẹ́ kó o ṣí fáìlì kan, fi ọ̀wọ̀ dágbére kó o wá ibòmíràn. Ṣùgbọ́n àǹfààní ibí ni pé ọ̀gá tí kò ní ju lọ́yà méjì lọ yóò fún ọ ní iṣẹ́ gidi, wàá sì rí ẹjọ́ kan láti ìgbà tí oníbàárà ti wọlé títí dé ìgbà tí adájọ́ bá ka ìdájọ́. Ohun tí màá ṣe bí mo bá jẹ́ ìwọ ni pé màá lo ọlidé méjì nílé, ọ̀kan ní ṣáńbà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀kan ní Ìbàdàn níbi tí Ilé-Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn wà, tó o sì lè sùn sọ́dọ̀ ẹbí. Bí Èkó bá ṣì ń wù ọ́ lẹ́yìn ìyẹn, lọ ní ọdún ìkẹyìn, pẹ̀lú àwọn ojú ewé tó o ti kọ lọ́wọ́ rẹ. Kí bàbá rẹ má yá owó nítorí rẹ̀ báyìí.

Owó tó yẹ kí bàbá rẹ máa tọ́jú ni ti Law School, ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹni tó bá parí ìmọ̀ òfin ní yunifásítì gbọ́dọ̀ lọ kó tó di lọ́yà. Ọ̀pọ̀ òbí kì í rántí rẹ̀ títí ọmọ á fi parí ọdún márùn-ún ní yunifásítì. Owó ilé-ẹ̀kọ́ wà, aṣọ wà, wíìgì àti gáùn wà, ọkọ̀ wà, nítorí o kò mọ̀ bóyá Bwari, Yola tàbí Yenagoa ni wọ́n máa rán ọ lọ. Tún lọ bi ọ́fíìsì díìnì yín pé mélòó ni Council of Legal Education, àjọ tó ń darí Law School, gbà láyè kí yunifásítì yín máa rán lọ lọ́dún, kó o sì bi wọ́n bóyá àwọn tó ti parí ṣáájú ń dúró de àyè. Bí iye tó ń parí bá ju iye tí wọ́n gbà láyè lọ, àwọn tó kù á jókòó sílé de ọdún tó ń bọ̀. Èsì ìdánwò rẹ ní yunifásítì lè jẹ́ ohun tí wọ́n fi máa yan ẹni tó kọ́kọ́ lọ, ìdí mìíràn nìyẹn tí o kò fi gbọdọ̀ jẹ́ kí Facebook jẹ àkókò ìwé rẹ. Ní Law School fúnra rẹ̀, iṣẹ́ márùn-ún ni ìdánwò àṣekágbá: ẹjọ́ láàárín èèyàn àtèèyàn, ẹjọ́ ọ̀daràn, òfin dúkìá, òfin ilé-iṣẹ́, àti ìwà tó tọ́ sí lọ́yà. Máàkì tó kéré jù nínú márààrún ni wọ́n fi ń pín èèyàn sí ipò. Bó o bá gba àmì tó ga jù nínú mẹ́rin tó o sì kọsẹ̀ nínú ìkarùn-ún, máàkì ìkarùn-ún yẹn ni wọ́n máa fi pinnu ipò rẹ. Ẹni tó bá ti jókòó ní kóòtù Ògbómọ̀ṣọ́ kó tó dé ibẹ̀ ti mọ méjì nínú márààrún náà lójú, kì í ṣe nínú ìwé nìkan.

Bí ọlidé yín bá ti dé, kọ lẹ́tà kúkúrú sí lọ́yà mẹ́ta nílùú yín, kó o sì gbé e lọ fúnra rẹ. Má fi WhatsApp ránṣẹ́ sí àgbà tí kò mọ̀ ọ́. Sọ ọdún tó o wà, ọ̀sẹ̀ mélòó lo lè fi wá, pé owó kọ́ lo ń wá, kó o sì so ojú ewé kan nínú èyí tó o kọ lórí ìdájọ́ mọ́ ọn. Bó o bá ní ọ̀rẹ́ tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ wọn rí, bi í nípa ìwà ọ̀gá náà kó o tó lọ. Kí ojú ewé àkọ́kọ́ tó o máa kọ jẹ́ ti ẹjọ́ àwọn alága kánsù ti 2021, kó o fi dáhùn ìbéèrè yìí: kí ló dé tí kóòtù ò dá wọn padà sípò? Fi ránṣẹ́ sí mi bó o bá ti kọ ọ́ tán, n ó kà á, n ó sì sọ ibi tí kò bá tíì tó fún ọ.